Ijó Ọmọdé Tó Di Ẹjọ́

Oṣù Kejì ọdún 2007 ni Stephanie Lenz, ìyálọ́mọ kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania l'Ámẹ́ríkà, ya fídíò ọmọ rẹ̀ kékeré tó ń jó nílé ìdáná. Ìṣẹ́jú-àáyá 29 péré ni. Orin kan tí Prince, gbajúgbajà olórin, kọ ń dún lẹ́yìn, kò tilẹ̀ já gaara. Ó gbé e sí YouTube kí ẹbí àti ọ̀rẹ́ lè wò ó.

Ní oṣù Kẹfà, iléeṣẹ́ orin Universal ní kí YouTube yọ ọ́. YouTube sì yọ ọ́.

Òfin Amẹ́ríkà kan ti ọdún 1998 ló fàyè gba èyí: bí ẹni tó ni orin bá ti fẹ̀sùn kàn, ìkànnì á tètè yọ fídíò kí ẹjọ́ má baà kan òun náà. Lenz kò gbà. Ó tako ẹ̀sùn náà, fídíò padà, àjọ EFF, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, sì bá a pe Universal lẹ́jọ́. Lọ́dún 2015, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní ẹni tó ni orin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìlò náà bófin mu. Ọdún 2018 ni wọ́n tó parí ẹjọ́. Ọmọ jòjòló ọjọ́sí ti ń di ọ̀dọ́.

Lónìí, ẹ̀rọ tí YouTube ń pè ní Content ID ló ń ṣọ́nà. Ó ń fi ìró inú fídíò wé àwọn orin tó wà nípamọ́. Bó bá bára mu, ẹni tó ni orin lè dí fídíò náà, tàbí kó fi ìpolówó pawó lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ kò mọ àríyá ọjọ́ìbí yàtọ̀ sí iṣẹ́ àwọn tó ń jí orin tà. Ẹni tó bá tako ìpinnu ẹ̀rọ náà lè dúró tó 30 ọjọ́ kí èsì tó dé.