Ọjà tó há sójú fóònù: Ohun tó yẹ kí oníṣòwò wò kó tó sanwó wẹ́bùsáìtì

Ẹni tó bá ń ta táyà ní Challenge, n'Ìbàdàn, mọ bí wọ́n ṣe ń to ọjà. Bí iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bá fẹ̀, yóò to mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí kò bá fẹ̀, yóò to méjì, yóò sì to méjì yòókù sẹ́yìn wọn. Kò ní í to ọjà wọ àárín títì, àfi tó bá fẹ́ kí ìjọba wá kó o.

Àmọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọjà tó ya wọ títì ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń sanwó fún. Ẹni tó ṣe wẹ́bùsáìtì fún wọn yóò fi hàn wọ́n lórí kọ̀ǹpútà, ọjà mẹ́rin tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó dùn ún wò. Orí fóònù ni oníbàárà sì ti máa wò ó, níbi tí àwòrán ti há, tí iye owó sì ti yọ kúrò lójú fóònù. Ẹni tí kò rí iye owó, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ló ń lọ.

CSS ni èdè tí wọ́n fi ń sọ bí ojú ewé yóò ṣe rí. Håkon Wium Lie, ọmọ orílẹ̀-èdè Norway, ló dá a lábàá lọ́dún 1994. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, "float", tí wọ́n ṣe kí ọ̀rọ̀ lè yí àwòrán ká, ni wọ́n fi ń to nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tú.

Flexbox ló wọ́pọ̀ báyìí. Bí wọ́n bá kọ "display: flex" sára àpótí tó kó àwọn ọjà náà sínú, wọn yóò tò sórí ìlà kan. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà: bí wọ́n bá fi mọ bẹ́ẹ̀, gbogbo ọjà yóò fún pọ̀ sórí ìlà kan ṣoṣo náà, bó ti wù kí fóònù kéré tó. "Flex-wrap: wrap" ló ń jẹ́ kí èyí tí kò gbà bọ́ sí ìlà kejì. Bí wọ́n bá wá fún ọjà kọ̀ọ̀kan ní "flex: 1 1 160px", tí wọ́n sì fi "max-width: 100%" sára àwòrán, méjì méjì ni wọn yóò tò lórí fóònù tó fẹ̀ ní 360px, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò sì wà lórí ìlà kan lórí kọ̀ǹpútà bí ọjà náà bá jẹ́ mẹ́rin.

Oníṣòwò kò nílò láti kọ́ èyí. Kó ṣí ojú ewé náà lórí fóònù tirẹ̀ kó tó san owó tó kù. Bó bá di dandan kó fi ìka fa á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó rí iye owó, iṣẹ́ kò tíì parí. Ìlà kan tàbí méjì sì ni àtúnṣe rẹ̀ sábà máa ń jẹ́; ẹni tó bá tìtorí rẹ̀ béèrè owó wẹ́bùsáìtì tuntun, kí oníṣòwò ní kó kọ́kọ́ fi ibi tí "wrap" wà han òun.