Àkọsílẹ̀ Tí Kò Bá Ẹrù Wá

Ẹni tí yóò tún ẹ̀rọ ṣe gbọ́dọ̀ rí inú rẹ̀. Ètò kan tí mo kọ lórí Fedora, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Linux, ń kú lójijì. Mo fi gdb, irinṣẹ́ tí a fi ń tọpa àṣìṣe, wò ó. Inú ètò tí Fedora dì fún wa ni ó ti ń kú. Nọ́ńbà lásán ni mo sì rí níbẹ̀. Àwọn tí ń di ètò a máa yọ orúkọ àti nọ́ńbà ìlà kúrò kí ẹrù lè fúyẹ́. Àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi ṣe é kì í sì í bá a wá.

Ṣùgbọ́n wọ́n ń fi àmì ìdánimọ̀ kan sílẹ̀, build-id, tí ó sábà máa ń jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 40. Debuginfod, tí ó jáde ní ọdún 2019, ni gdb fi ń mú àmì yìí lọ sí ilé ìpamọ́ Fedora lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti gba àkọsílẹ̀ ẹ̀dà yẹn gan-an. Ti ẹ̀dà mìíràn lè ṣini lọ́nà.

Ó pẹ́ tí gdb ti ń bèèrè bóyá kí òun lò ó. Èmi a sì máa tẹ "n" láìkà á. Lọ́jọ́ náà mo tẹ "y". Ìlà náà hàn kedere: èmi ni mo fi àdírẹ́sì òfo ránṣẹ́ sí i.