Ṣé influencer yẹn máa ń mu tíì tó ń polówó?

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi obìnrin ra tíì “flat tummy” lórí Instagram. Ọmọge kan táwọn èèyàn ń tẹ̀lé dáadáa ló polówó ẹ̀: ikùn pẹlẹbẹ, ẹ̀rín lẹ́nu, ife lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, àbúrò mi ò kúrò ní tọ́lẹ́ẹ̀tì mọ́. Inú ẹ̀ tún ń dùn pé ikùn òun ti ń wọlé! Mo yí páálí tíì náà sẹ́yìn, mo rí “senna”. Ìbátan àsùnwọ̀n táwọn ìyá wa ń sè fún ẹni tí ìgbẹ́ há mọ́ nídìí ni. Omi ara ló ń gbẹ. Ọ̀rá wà níbi tó wà.

Mi ò ní gbogbo wọn ló burú o. Ẹ wo Chinonso Egemba, dókítà tí gbogbo wa mọ̀ sí Aproko Doctor. Àwàdà ló fi ń kọ́ wa nípa ìlera, ọ̀rọ̀ ẹ̀ sì ń dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò ní ka ìwé ìléwọ́ ọsibítù láéláé.

Ohun tó bá gba orí fóònù wọlé lágbára. Ṣé ẹ rántí Ebola, oṣù kẹjọ ọdún 2014? Òru ni màámi pè mí: “Dìde, fi omi iyọ̀ wẹ̀, kó o sì mu díẹ̀ níbẹ̀.” Ìròyìn gbé e nígbà yẹn pé ó kéré tán, èèyàn méjì kú nítorí iyọ̀ yẹn ní ìpínlẹ̀ Plateau. Ìfẹ́ ló sún àwọn tó pín in kiri, wọn ò gba kọ́bọ̀. Ẹni tó wá ń gbowó ńkọ́?

Òfin ARCON tọdún 2022 ní kí wọ́n yẹ ìpolówó wò kó tó jáde, torí íntánẹ́ẹ̀tì náà wà níbẹ̀. Àwa náà sì máa ń sọ pé, “ṣebí ó ní nọ́ńbà NAFDAC.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìsàlẹ̀ páálí àgbo wọ̀nyẹn. Wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ wínníwínní síbẹ̀ pé NAFDAC ò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń wò wò. Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀: kí influencer kọ ọ́ gàdàgbà síwájú fídíò pé wọ́n sanwó fún òun, kó má fi pamọ́ sáàárín ogún hashtag.

Àbúrò mi fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ sí ọmọge yẹn, ó bi í bóyá òun fúnra ẹ̀ ń mu tíì náà. Ó kà á. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti bulọ́ọ̀kù ẹ̀.