Nígbà tí Ọ̀rọ̀ Bá Kọ̀ Tí Kò Jáde

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ wa déédéé á ti rí i pé ètò yìí ò jáde fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe àìsí iná. Mi ò rí nǹkan kọ ni.

Bàbá mi tó di olóògbé lọ́dún tó kọjá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ètò ìṣẹ́jú 15 péré. Lálaalẹ́ ni màá ṣí kọ̀ǹpútà, màá kọ gbólóhùn kan, màá pa á rẹ́, màá tún un kọ, màá tún pa á rẹ́. Tó bá yá, màá gbé fóònù, màá máa wo fídíò títí oorun á fi gbé mi lọ. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, inú ara mi ti ń bí mi. Mo tiẹ̀ sọ fún ẹnì kejì mi lórí ètò yìí pé kó máa wá ẹlòmíì.

Ohun tí mo wá rí ni pé ọ̀rọ̀ ò tán nínú mi. Iṣẹ́ méjì ni mò ń ṣe pọ̀. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni mò ń máàkì í, bíi tíṣà tó mú báírò pupa dání. Ká sòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a lọ yunifásítì, Gẹ̀ẹ́sì la fi ń ronú tá a bá jókòó láti kọ̀wé, a wá ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ká tó túmọ̀ gbólóhùn kan tán, adùn rẹ̀ á ti lọ.

Ẹ wo Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta. Kò ju nǹkan bí ọdún mẹ́fà lọ tó fi lọ sílé ìwé. Mẹ́séńjà ni ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó nígbà tí wọ́n tẹ ìwé rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní London lọ́dún 1952. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan nílé níbí sọ pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń dójú tì wọ́n. Ṣùgbọ́n bí àgbà Yorùbá ṣe ń pàlọ́ ló ṣe kọ ọ́, nígbà tó sì di 1953, wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Ká ní ó dúró dìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ máa gún, ta ni ì bá mọ̀ ọ́n?

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi voice note ránṣẹ́ sí mi, ó ní, "Kí ló dé tá ò gbóhùn ẹ mọ́?" Mo tẹ fóònù, mo ń dá wọn lóhùn. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bàbá wa, bí wọ́n ṣe máa ń sá bátìrì rédíò wọn sóòrùn kó lè tún ṣiṣẹ́ díẹ̀ sí i. Nígbà tí mo máa gbọ́wọ́ kúrò, ìṣẹ́jú 11 ti lọ. Gbogbo ohun tí mò ń wá ló wà níbẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyí. Mo máa ń mú ẹnì kan ṣoṣo lọ́kàn, màá sọ ọ́ fún un sórí fóònù. Lẹ́yìn náà, màá fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ kejì ni màá tó ṣàtúnṣe, tó fi mọ́ àmì ohùn. Mi ò sì ń kọ ọ́ títí á fi sú mi. Màá dúró níbi tí mo ṣì ti mọ ohun tó kàn.

Kì í ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ o. Nígbà míì, ó kàn rẹ èèyàn ni, oorun ló máa ṣe é. Àmọ́ tó bá ti pẹ́ tí oúnjẹ ò wọlé, tí oorun ò wá, tí nǹkan kan ò dùn mọ́ yín mọ́, ìyẹn ti kọjá ọ̀rọ̀ ìwé kíkọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ẹnì kan, kẹ́ ẹ sì rí dókítà.

Ètò bàbá mi lẹ máa gbọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn ibì kan wà níbẹ̀ tí mi ò tíì fẹ́ràn, ṣùgbọ́n mo ti parí rẹ̀. Tẹ́yin náà bá ní nǹkan tẹ́ ẹ ti ń pa rẹ́ láti ọjọ́ yìí, ẹ gbé fóònù lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún ẹnì kan. Ó dìgbà kan ná.