Ọkọ̀ Tó Gbóná, Tó Kú, Tó Kọ̀ Tí Kò Jí

Láàárọ̀, kò sí ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà. Màá yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, yóò dáhùn. Màá wà á láti Agbowó nílùú Ìbàdàn, màá gba Sángo dé Mókọ́lá, màá sọ̀ kalẹ̀ sí Dùgbẹ̀, kò ní wúkọ́ rárá. Ọ̀sán ni ìyọnu máa ń dé. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ á mú mi lẹ́bàá Ilé Kòkó, oòrùn á máa jó bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ́ńjìnnì á gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tó fẹ́ sín, á sì kú. Bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, kíkì á máa yí ẹ́ńjìnnì dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní gbiná. Àwọn tó wà lẹ́yìn á máa fọn fèrè, àwọn ọmọ ìgboro á bá mi tì í sẹ́bàá títì. Nígbà tí mẹkáníìkì bá fi máa dé ní ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, màá yí kọ́kọ́rọ́ kí n lè fi àìsàn rẹ̀ hàn án, ọkọ̀ á dáhùn wẹ́rẹ́.

Oṣù méjì gbáko la fi ṣe èyí. A pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, a pààrọ̀ bátìrì, a ra pọ́ǹpù tókúnbọ̀ ní Àrárọ̀mí. Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú gbogbo ohun tá a yọ dànù. Ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní Challenge ló là mí lójú nígbà tí mo pè é lórí fóònù. Ó ní, “Ẹ má gbé e wá fún mi. Ìgbà tó bá kú ni kí ẹ pè mí, kí ẹ sì jẹ́ kí n bá a kó tó tutù.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni gbòǹgbò gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Àìsàn tí ooru bá gbé wá, bí ooru bá ti ń lọ ló ń bá a lọ. Ọkọ̀ tó ti tutù kò ní nǹkan kan tó máa sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ kọ̀ tí kò jí, tí inú ń bí ẹ, tí òógùn ń ṣàn, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí á yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí á tó débẹ̀, ẹ wo abẹ́rẹ́ ooru ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Bó bá ti wọ ibi pupa, ọ̀rọ̀ omi rédíétọ̀ nìyẹn. Ẹ má tún kíìkì rẹ̀, ẹ má sì ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó ń hó. Èyí tí mò ń sọ yàtọ̀: abẹ́rẹ́ ooru wà láàárín níbi tó yẹ kó wà, síbẹ̀ ọkọ̀ kú.

Ohun kejì ni pé kí ẹ tẹ́tí sí kíkì. Bó bá jẹ́ pé “kẹ́” kan ṣoṣo lẹ gbọ́, tàbí tí ẹ kò gbọ́ nǹkan kan, ẹ wá rewáyà. Orí bátìrì, wáyà ilẹ̀ tàbí kíkì fúnra rẹ̀ ni yóò yẹ̀ wò, nítorí ìdí sàléńsà ni kíkì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wà, bí bàbà inú rẹ̀ bá sì ti gbóná, iná kì í rọrùn láti kọjá nínú rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí dáadáa tí kò gbiná, epo ni kò rí, tàbí iná plọ́ọ̀gì.

Ẹ lè mọ èwo nínú méjèèjì láìtú nǹkan kan. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn, ẹ má tíì kíìkì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, pọ́ǹpù tó wà nínú táǹkì epo lẹ́yìn á kùn bí oyin fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì, á sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ kíìkì, kí ojú yín wà lára abẹ́rẹ́ tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń sáré. Ó yẹ kó gbéra díẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí tí abẹ́rẹ́ náà sì sùn gbọnrangandan lórí òdo, a jẹ́ pé ọpọlọ ọkọ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain box, kò mọ̀ rárá pé nǹkan kan ń yí. Kráńkì sẹ́ńsọ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí.

Sẹ́ńsọ̀ kékeré yìí tó nǹkan à ń dúró wò. Kò ju àtàǹpàkò lọ. Irin mágínẹ́ẹ̀tì kan ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì wé wáyà bàbà tó tínrín bí irun orí mọ́ ọn lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n gbé e sún mọ́ àgbá kan tó ní eyín, tó ń bá kráńkì, ìyẹn ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, yí. Bí eyín kọ̀ọ̀kan bá ṣe ń kọjá níwájú rẹ̀ ni agbára mágínẹ́ẹ̀tì náà ń yí padà, ìyípadà yẹn ló sì ń bí iná bíńtín nínú wáyà. Ọpọlọ ọkọ̀ ń ka iná yìí bí a ṣe ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, eyín 60 ni wọ́n pín àgbá náà sí, wọ́n wá yọ 2 níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ Toyota ń lo 36 tí wọ́n yọ 2. Àlàfo yẹn ni àmì: bó bá ti kọjá, ọpọlọ mọ ibi tí písítìnnì wà gẹ́lẹ́, ó sì mọ ìgbà tí yóò fọ́n epo àti ìgbà tí yóò tan plọ́ọ̀gì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, eyín 2,900 ló ń kọjá níwájú sẹ́ńsọ̀ ọlọ́gọ́ta yẹn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Ó ń ṣe èyí lẹ́bàá irin gbígbóná, lọ́dọọdún, láìsinmi.

Ooru ń mú kí bàbà gùn sí i, ó sì ń mú kí rọ́bà líle tí wọ́n fi bò ó wú ju bàbà lọ. Lọ́jọ́ kan, wáyà náà á sán níbì kan. Bó bá tutù, ojú ibi tó sán á fara kanra, iná á kọjá. Bó bá gbóná, á ya. Ẹni tó bá ti lo ṣájà fóònù tó já nínú mọ̀ ọ́n: tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, á mú, jù ú sílẹ̀, á já. Ọpọlọ ọkọ̀ tí kò rí iná bíńtín yẹn mọ́ gbà pé ẹ́ńjìnnì ti dúró, ó sì ń pa epo àti iná plọ́ọ̀gì pọ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí pọ́ǹpù má baà máa tú epo sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ti forí sọgi.

Kì í ṣe àwa ará Ìbàdàn nìkan ló ń rí èyí. Lọ́dún 2007, Nissan pe Altima àti Sentra tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 600 padà ní Amẹ́ríkà, nítorí pé kráńkì sẹ́ńsọ̀ wọn lè ṣíwọ́ iṣẹ́ bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, kí ọkọ̀ sì kú lójú títì. Ti Ford le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1983 títí dé 1995 ni wọ́n ń gbé ẹ̀rọ tó ń dá iná plọ́ọ̀gì sára dísíbútọ̀, èyí tó ń pín iná fún àwọn plọ́ọ̀gì, nínú àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ọkọ̀, níbi tí ooru ẹ́ńjìnnì ti ń kọlù ú. Lọ́dún 2000, adájọ́ Michael Ballachey ní Alameda, ìpínlẹ̀ California, ní Ford mọ̀ nípa àbùkù náà, ó sì bò ó mọ́lẹ̀. Ford kò gbà bẹ́ẹ̀. Àdéhùn ni wọ́n fi parí ẹjọ́ náà lọ́dún 2001. Ohun tó kan wá níbẹ̀ ni pé àwọn mẹkáníìkì tó ní irinṣẹ́ gbogbo lọ́wọ́ kò rí àìsàn náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí ọkọ̀ ti ń tutù kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Micra àtijọ́ tí àwọn onítakisí wa ń lò náà ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nínú dísíbútọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ mi tún kú, ọ̀gá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan gun ọ̀kadà wá bá mi. Ó pe ọmọ tó ń ta pure water, ó ra mẹ́ta tó tutù nini. Kò tú omi náà dà sórí ẹ́ńjìnnì, nítorí omi tútù lè sán irin gbígbóná. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó na ọwọ́ wọlé, ó gbé ọ̀rá omi náà ti sẹ́ńsọ̀ lára, ó sì dì í mú. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ní kí n yí i. Ọkọ̀ jí.

Bó bá jẹ́ pé abẹ́rẹ́ tó ń ka ìsáré ẹ́ńjìnnì gbéra ṣùgbọ́n pọ́ǹpù kò kùn, ọ̀nà ìwádìí náà yí padà. Pọ́ǹpù epo jẹ́ mọ́tọ̀ iná tó rì sínú bẹtiróòlù, epo tó yí i ká ló sì ń tù ú lára. Láti 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, àwọn tó ń kún táǹkì ti dín kù gan-an. Epo tó máa gbé wa dé Bódìjà ká tó padà sílé là ń rà, iná pupa kì í sì í kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, èmi náà ti ṣe é rí. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù tó yọrí síta nínú epo ń gbóná, àwọn ẹyin iná inú rẹ̀ ń jẹ dànù, títí tí ooru ọ̀sán kan á fi mú un dúró. Kí ẹnì kan máa kíìkì, kí ẹnì kejì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìdí táǹkì. Bí ọkọ̀ bá jí, pọ́ǹpù ti jẹ́wọ́.

Àwọn àgbà tó wa ìjàpá Volkswagen àti Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò jọ ní Èkó àti Kàdúná lọ́dún 1975, mọ irú mìíràn: epo tó hó di ooru nínú páìpù kó tó dé kabúrétọ̀. Nǹkan bí 35°C ni èyí tó fúyẹ́ jù nínú bẹtiróòlù ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Aṣọ tútù ni wọ́n ń fi wé pọ́ǹpù. Ọkọ̀ òde òní kì í sábà ṣe èyí, torí pé pọ́ǹpù inú táǹkì ń ti epo náà pẹ̀lú agbára.

Bó bá sì jẹ́ Honda Accord àárín ọdún 1990 sí 1997 lẹ ní, tó kọ̀ láti jí lẹ́yìn tí ẹ gbé e sínú oòrùn lásán, ẹ wo rìlé pọ́ǹpù tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Lẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀ ló máa ń sán. Ẹni tó mọ iṣẹ́ lè tún un jó.

Nípa rírà, ẹ ṣọ́ra fún sẹ́ńsọ̀ tókúnbọ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ lè má yàtọ̀ sí ti èyí tó bàjẹ́. Bó bá jẹ́ oníwáyà méjì, ẹ ní kí rewáyà fi mítà wọ̀n ọ́n nígbà tó tutù, kó dì í sínú ọ̀rá, kó rì í sínú omi gbígbóná, kó tún wọ̀n ọ́n. Bí mítà bá sọ pé ọ̀nà ti já, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Oníwáyà mẹ́ta kò ṣeé dán wò báyìí.

Lọ́jọ́ tá a pààrọ̀ tèmi, ọ̀gá náà kò gba owó iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. A wa ọkọ̀ náà láti Challenge gba Ring Road lọ, a sì wà á padà, títí ẹ́ńjìnnì fi gbóná dénú. Ó ní kí n pa á, kí n má ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, omi ò yí mọ́, fáànù ò fẹ́ mọ́, ooru inú irin á wá ya bo gbogbo ohun tó wà nítòsí rẹ̀. Ìgbà náà ni sẹ́ńsọ̀ ń gbóná jù. A jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òógùn bò wá. Ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́. Ó jí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní kí n tún pa á, ká tún dúró.