Kí Á Tó Pààrọ̀ Máṣíìnì: Ti Afẹ́ àti Ti Ọ̀nà Jíjìn

Ní ìpàdé wa tó kọjá, fọ́ọ̀mù owó yíyá mẹ́ta ló wà lórí tábìlì tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ: “Mo fẹ́ pààrọ̀ máṣíìnì mi.” Ìgbìmọ̀ kò kọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò tíì fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí akọ̀wé kọ àlàyé sínú ìwé oṣooṣù wa, kí gbogbo wa lè mọ ohun tí a ó máa wò kí owó ẹgbẹ́ tó jáde.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Láti Mọ́níyà dé Ìjàyè, láti Ìyànà Ọ̀fà dé Lálúpọn àti Ejíòkú, láti Ẹgbẹ́dá dé Ẹ̀rúnmu, títí kan ìhà Akanran, máṣíìnì ni ẹsẹ̀ wa. Òun ló ń gbé ẹ̀gẹ́ láti oko dé ibi tí a ti ń rin ín, òun ló ń gbé kòkó dé ibi òṣùwọ̀n, òun náà ló ń gbé aláboyún lọ sí ọsibítù lóru. Ẹni tó bá ra èyí tí kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, òun nìkan kọ́ ni yóò jìyà rẹ̀.

OHUN TÓ TI ṢẸLẸ̀ RÍ

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, a ò ní dárúkọ rẹ̀, yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti ra máṣíìnì. Àgbẹ̀ ni, ó sì fẹ́ máa fi gbé èrò nígbà tí iṣẹ́ oko bá dilẹ̀. Èyí tó rà wuni púpọ̀. Ìjókòó rẹ̀ lọ sílẹ̀ níwájú, ó ga lẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ yọ sókè bí ìwo màlúù, gbogbo irin ara rẹ̀ ń kọ mànà. Ọjọ́ tó gbé e wá sí ìpàdé, gbogbo wa la dìde lọ wò ó. Àwa akọ̀wé yín pàápàá gùn ún yí ọgbà ilé-ìwé po.

Kò tó oṣù mẹ́fà tí ọ̀rọ̀ fi yí padà. Àpò ẹ̀gẹ́ méjì kò gba ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá dì í mọ́ ọn tipátipá, ọwọ́ máṣíìnì a máa gbọ̀n lójú ọ̀nà. Ó lọ bá àwọn tó ń jó irin pé kí wọ́n jó kẹ́ríà mọ́ ọn, irin náà sì kán sí ojú ọ̀nà oko nígbà òjò. Nígbà tó fẹ́ tà á, kò rí ìdajì owó tó fi rà á, gbèsè ẹgbẹ́ sì wà nílẹ̀. Àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì, ìyá onígàrí kan àti bàbá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ló san owó oṣù mẹ́rin. Ìyá yẹn kò pariwo, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà kò tún dúró fún ẹnikẹ́ni mọ́.

A ò lè di gbogbo ẹ̀bi ru ọmọ ẹgbẹ́ náà. Àwa tí a jókòó gba fọ́ọ̀mù rẹ̀, kò sí ẹnì kan nínú wa tó bi í pé: kí lo fẹ́ fi gbé, ọ̀nà wo lo sì fẹ́ gbà?

ORÍṢI MÉJÌ TÓ YẸ KÁ MỌ̀

Gbogbo máṣíìnì ló ní táyà méjì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. Lókè òkun wọ́n ní èyí tí wọ́n ń pè ní cruiser. Àwa ó máa pè é ní ti afẹ́. Ìjókòó rẹ̀ kì í ga, ẹsẹ̀ a nà síwájú, ọwọ́ a ga sókè, èèyàn a jókòó bí ẹni tó wà nínú àga ọ̀dẹ̀dẹ̀. Harley-Davidson ti Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1903, ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ mọ́ irú èyí. Wọ́n tún ní èyí tí wọ́n ń pè ní touring, ìyẹn ti ọ̀nà jíjìn. Èyí ní tánkì ńlá, ó ní ibi ẹrù, ìjókòó rẹ̀ gba ẹni méjì dáadáa, èèyàn a sì nàró lórí rẹ̀.

Ẹ gbọ́ bí ọ̀kan nínú àwọn tó lókìkí jù ṣe di ti ọ̀nà jíjìn. Honda ti Jàpáàn gbé Gold Wing jáde ní 1975. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kò fi ohun tó ń dènà atẹ́gùn tàbí àpótí ẹrù sí i. Àwọn tó ń gùn ún rìnrìn-àjò ló ń ra ìwọ̀nyí fúnra wọn, tí wọ́n ń dè wọ́n mọ́ ọn. Nígbà tó di 1980, Honda fúnra rẹ̀ wá ṣe èyí tí gbogbo rẹ̀ ti wà lára rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́. Iṣẹ́ tí àwọn èèyàn ń fi í ṣe ló kọ́ ẹni tó ń rọ ọ́ ní ẹ̀kọ́.

A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ ra Gold Wing o. Ó wúwo ju 250 kílò lọ. Bí ó bá rì sínú ẹrẹ̀ ní ọ̀nà oko wa, gbogbo abúlé ni yóò jáde wá fà á. Àwọn tiwa kéré, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà wà lára wọn. Suzuki GN125, tó jáde ní 1982, àti àwọn tó jọ ọ́ tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà, ìrísí ti afẹ́ ni wọ́n gbé: ìjókòó alákàsọ̀, tánkì tó rí bí omijé, ọwọ́ tó yọ sókè. Ní ìhà kejì, Honda CG125 àti Bajaj Boxer ti Íńdíà, iṣẹ́ ni wọ́n fi wọ́n ṣe. Ìjókòó gígùn tó tẹ́jú ni wọ́n ní, pẹ̀lú ibi tí kẹ́ríà irin lè jókòó sí dáadáa. Àwọn wọ̀nyí ni ti ọ̀nà jíjìn lọ́dọ̀ tiwa.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ń bú ti afẹ́. Tíṣà tó ń ti ilé lọ sí ilé-ìwé lórí ọ̀dà, tí kò gbé ju báàgì rẹ̀ lọ, yóò gbádùn rẹ̀, yóò sì pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní gèlè ò dùn bíi ká mọ̀ ọ́n wé, ká mọ̀ ọ́n wé ò sì dà bíi kó yẹni. Máṣíìnì tó yẹ tíṣà lè má yẹ àgbẹ̀.

ÌDÍ TÍ ẸRÙ FI Ń DA TI AFẸ́ LÁÀMÚ

Àkọ́kọ́ ni ibi tí ẹrù ń jókòó sí. Lórí ìjókòó tó gùn tó sì tẹ́jú, ẹrù àti èrò lè súnmọ́ iwájú, kí ìwúwo wọn wà láàárín táyà méjèèjì. Lórí ìjókòó alákàsọ̀, ẹrù á ga, á sì kọjá táyà ẹ̀yìn. Nígbà náà táyà iwájú á fúyẹ́, ọwọ́ á máa gbọ̀n, pàápàá bí a bá ń gun òkè. Ohun tó ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa nìyẹn. Kì í ṣe àìmọ̀ọ́gùn rẹ̀.

Èkejì ni ara ẹni tó ń gùn ún. Bí ẹsẹ̀ bá nà síwájú, gbogbo ìwúwo ara á wà ní ìdí. Tí táyà bá já sínú kòtò, ọ̀pá ẹ̀yìn ló máa gbà á. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ ìbàdí gan-an, èèyàn lè fi ẹsẹ̀ tẹ ibi ìtẹ̀sẹ̀ kó gbé ìdí díẹ̀ kúrò lórí ìjókòó, kí orúnkún gba ìjì náà. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí ti gun ti afẹ́ fún ọdún mélòó kan, láti ìpàdé dé ìpàdé. Nígbà tí a pààrọ̀ sí èyí tó nàró, ẹ̀yìn tó máa ń ro wá lálẹ́ dín kù. Ṣùgbọ́n a ó sọ òtítọ́: ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ó ṣe wá bí ẹni gun àkàbà, nítorí ó ga, ẹsẹ̀ wa kò sì tètè kanlẹ̀. Ẹni tí kò ga púpọ̀, kó gùn ún wò kó tó san owó.

Ẹ̀kẹta ni ẹ́ńjìnnì. Àwọn Suzuki àti Yamaha kéékèèké tí àwọn bàbá wa lò, àti Jincheng AX100 tó kún ìgboro nígbà kan, púpọ̀ wọn ló ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo, èéfín a sì máa tú lẹ́yìn wọn. Àwọn ti òde òní tí a dárúkọ lókè, ọ́ìlì wọn wà nínú ẹ́ńjìnnì lọ́tọ̀, a kì í pò ó mọ́ epo. Nígbà tí Honda ń ṣe CG125 láàárín ọdún 1970 sí 1980, àwọn tí kì í pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò tí wọ́n sì ń di ẹrù rẹpẹtẹ ni wọ́n rò mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ọ̀pá irin tì í nínú ẹ́ńjìnnì dípò ṣéènì kékeré tó wà nínú ti àwọn mìíràn. Síbẹ̀, pé ó lè gba ìyà kò sọ pé ká fi ìyà jẹ ẹ́.

ÌṢIRÒ TÓ YẸ KÍ OLÚKÚLÙKÙ ṢE

Kí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tó parí, iye tí ìjọba fi lélẹ̀ fún lítà epo kan kò tó 200 náírà. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti lé ní 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Nítorí náà, kí a tó pààrọ̀, ká mọ iye tí èyí tó wà nílẹ̀ ń jẹ. Kún tánkì dé ẹnu. Kọ nọ́ńbà kílómítà sílẹ̀. Gùn ún bí o ti ń gùn ún lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Tún kún un dé ẹnu, kí o wo iye lítà tó wọ̀ ọ́. Fi iye lítà pín iye kílómítà tó o rìn.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣe àpẹẹrẹ, ká sì fi 1,000 náírà ṣe owó lítà kan kí ìṣirò lè rọrùn. Ẹnì kan ń rin 350 kílómítà lọ́sẹ̀. Máṣíìnì àtijọ́ rẹ̀ ń rin 35 lórí lítà kan: lítà 10 ni. Ti tuntun ń rin 50: lítà 7 ni. Èrè rẹ̀ jẹ́ 3,000 náírà lọ́sẹ̀, ìyẹn 150,000 náírà ní àádọ́ta ọ̀sẹ̀. Bí ó bá ní láti fi 450,000 náírà lé owó tí wọ́n ra ti àtijọ́, ọdún mẹ́ta gbáko ni èrè epo yóò fi san án, a ò sì tíì ka èlé. Ẹ rí i pé epo nìkan kò tó láti pààrọ̀ máṣíìnì. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ti tuntun yóò gbé ẹrù tí ti àtijọ́ kò lè gbé, tàbí pé ti àtijọ́ ti ń jẹ owó mẹkáníìkì jù.

OHUN TÍ ÌGBÌMỌ̀ YÓÒ MÁA BÈÈRÈ

Láti ìpàdé tó ń bọ̀, ẹni tó bá fẹ́ yá owó máṣíìnì yóò dáhùn ìwọ̀nyí níwájú àwọn onídùúró rẹ̀:

1. Kí lo ń gbé, kílò mélòó ni lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀melòó sì ni lọ́sẹ̀?
2. Mélòó nínú ọ̀nà rẹ ló jẹ́ ọ̀dà, mélòó ló jẹ́ iyẹ̀pẹ̀ àti ẹrẹ̀?
3. Lítà mélòó ni èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ ń jẹ? Fi ìṣirò rẹ hàn wá.
4. Ṣé o ti gun irú èyí tó o fẹ́ rà, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn? Ẹ yá ti ọ̀rẹ́ gùn fún ọjọ́ ọjà kan.
5. Ṣé mẹkáníìkì ìtòsí mọ̀ ọ́n tún ṣe, ṣé a sì ń rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà nítòsí?
6. Ta ni yóò ra ti àtijọ́, èló ni?

Lórí ìbéèrè kẹfà: ẹ má ṣe ta máṣíìnì láì kọ ìwé. Kí orúkọ ẹni tó rà á, ọjọ́, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti ara máṣíìnì wà nínú rẹ̀, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, kí ẹ sì rí i pé wọ́n yí orúkọ orí pátíkúlà padà. Bí ẹni tó rà á bá lọ fi ṣe láabi, ọ̀dọ̀ ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà lórí ìwé ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ wá.

Ẹni tó bá sì ra tuntun, kó má ṣe di ẹrù kún un lọ́jọ́ kìíní. Kó tẹ̀lé ìwé tó bá a wá, kó fi sùúrù gùn ún ní kílómítà ìbẹ̀rẹ̀, kó sì pààrọ̀ ọ́ìlì àkọ́kọ́ lásìkò. Bí ẹrù bá wà, kó fẹ́ táyà ẹ̀yìn dé ìwọ̀n tí ìwé náà sọ. Akoto ní orí kì í ṣe nítorí ojú ọlọ́pàá nìkan.

Ní 1937 ni àwọn bàbá wa ní Gbédùn, ní ìhà Ọ̀nà-Àrà, fi orúkọ ẹgbẹ́ kòkó wọn sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Láti ìgbà náà ni a ti ń jẹ́ alájẹṣẹ́kù: ẹni tó jẹ, tó sì ṣẹ́ kù fún ẹlòmíràn. Owó tí a bá fi ra máṣíìnì tó bá iṣẹ́ mu yóò padà wá, ẹlòmíràn yóò sì tún yá a. Ẹ̀yin mẹ́ta tí fọ́ọ̀mù yín wà nílẹ̀, ẹ mú ìdáhùn yín wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. A ti ránṣẹ́ sí ìyá onígàrí wa náà pé kó wá jókòó kó gbọ́ ọ. Ó ní òun yóò wá.

Akọ̀wé yín