Bí Ohùn Inú Kásẹ́ẹ̀tì Ṣe Ń Wọnú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ Yorùbá ló ṣì ní páálí kan lábẹ́ ibùsùn tàbí lórí kọ́bọ́ọ̀dù, tó kún fún kásẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ mọ́. Díẹ̀ nínú wọn jẹ́ orin tí wọ́n rà lọ́jà. Ọkàn mi balẹ̀ lórí ìyẹn. Orin tí Haruna Ishola àti I.K. Dairo gbé jáde lábẹ́ Star Records, ilé iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì pawọ́ pọ̀ dá sílẹ̀ ní 1969, ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó àwo orin jọ, nílé àti lẹ́yìn odi. Àwọn tó ká mi lára ni kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbà lóde: ìnáwó òkú bàbá àgbà, ìkómọjáde, ìwúyè, tí ẹnì kan gbé rédíò kásẹ́ẹ̀tì ka orí àga, tó tẹ bọ́tìnnì pupa, tí ẹgbẹ́ àpàlà tàbí ti fújì sì ń ki ìdílé náà bọ̀ láti ọ̀dọ̀ baba ńlá wọn. Irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ kò ní èkejì níbikíbi. Bó bá ti bàjẹ́, ó parí nìyẹn.

Ìdí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń jẹun láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì. Tó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta, òde ni mò ń lọ bíi gbogbo ayé, ṣùgbọ́n kí n tó dé ìdí ìlù, mo máa ń kọ́kọ́ ya ọ̀dọ̀ àgbà kan tó ní kásẹ́ẹ̀tì, lápútọ́ọ̀pù mi á sì wà lápò. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni bí ohùn inú téèpù ṣe ń kúrò níbẹ̀ bọ́ sínú kọ̀ǹpútà, torí ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ bá yé á mọ ibi tó yẹ kóun ti ṣe wàhálà. Ibẹ̀ kì í ṣe orí kọ̀ǹpútà. Ohun tí kásẹ́ẹ̀tì kò bá fún wa nígbà tó ń yí, kò sí ètò kọ̀ǹpútà kankan tó lè wá a jáde lẹ́yìn náà.

Afẹ́fẹ́ tó ń gbọ̀n ni ohùn. Bí kọ̀ǹgọ́ bá ba awọ dùndún, awọ á gbọ̀n, afẹ́fẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ á gbọ̀n tẹ̀ lé e, máìkì á sì sọ gbígbọ̀n yẹn di iná tó ń lọ sókè sódò bí ìgbì. Iná yìí ló ń wọnú héèdì rédíò kásẹ́ẹ̀tì. Irin kékeré ni héèdì, wọ́n ká wáyà mọ́ ọn lára, wọ́n sì fi àlàfo tín-ín-rín kan sílẹ̀ níwájú rẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí. Bí iná bá ṣe ń le tó ń rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni héèdì ń di òòfà tó ń le tó ń rọ̀. Téèpù tó ń kọjá níwájú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú irin tó ti dógùn-ún kùn. Lẹ́búlẹ́bú yẹn máa ń gba agbára òòfà, á sì dì í mú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí a bá fẹ́ gbọ́ ọ, iṣẹ́ náà á yí padà: téèpù á kọjá, agbára òòfà inú rẹ̀ á ta iná díẹ̀ jí nínú wáyà, ẹ̀rọ á sọ iná yẹn di ńlá, súpíkà á sì tún mú afẹ́fẹ́ gbọ̀n.

Ní 1963 ni ilé iṣẹ́ Philips gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde fún aráyé níbi ìpàtẹ kan ní Berlin. Lou Ottens, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Netherlands, ló ṣáájú àwọn tó ṣe é, ohun tó sì ń lé ni kó kéré débi tí èèyàn á fi lè kì í bọ àpò. Ó rí i ṣe. Ṣùgbọ́n kíkéré yẹn ní ohun tó gbà lọ́wọ́ wa. Téèpù ńlá tí wọ́n ń lò nílé ìgbohùnsílẹ̀ lè fi sẹ̀ǹtímítà 38 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti kásẹ́ẹ̀tì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4.76 péré, fífẹ̀ téèpù náà kò sì pé mìlímítà mẹ́rin. Ohùn tó bá ń gbọ̀n ní ìgbà 10,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan gbọ́dọ̀ fún ìgbì 10,000 rẹ̀ mọ́ inú sẹ̀ǹtímítà 4.76 yẹn, ìyẹn ni pé ìgbì kọ̀ọ̀kan kò ní ju 0.0048 mìlímítà lọ.

Kí ló ń gbọ̀n tó báyẹn nínú orin wa? Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni. Ṣaworo tó yí ojú ìyáàlù ká ni. Ìró “s” àti “ṣ” lẹ́nu olórin náà wà níbẹ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ló kọ́kọ́ ń pòórá tí héèdì bá dọ̀tí tàbí tó bá wọ́ díẹ̀. Bí àlàfo héèdì kò bá dúró ṣánṣán sí téèpù, apá kan rẹ̀ á wà lórí ìgbì kan nígbà tí apá kejì á ti wà lórí ìgbì tó tẹ̀ lé e. Méjèèjì á pa ara wọn rẹ́. Ẹ óò máa gbọ́ orin náà o, ṣùgbọ́n á dà bí ẹni pé wọ́n ń kọ ọ́ láti inú yàrá kejì.

Ibí yìí ni mo ti ń lo àkókò jù. Mo máa ń fi òwú tí mo rì bọ inú spírítì nu héèdì títí òwú kò fi ní pọ́n mọ́ (àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú yẹn, lẹ́búlẹ́bú téèpù ni), mo á nu rọ́bà kékeré tó ń ti téèpù lọ, mo á sì jẹ́ kó gbẹ. Lẹ́yìn náà, mo á fi kásẹ́ẹ̀tì sí i, mo á kó ìgbọ́rọ̀ sétí, mo á wá sìkúrù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ héèdì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ní ihò kan tí súkúdíráfà tín-ín-rín lè gbà débẹ̀ láìtú u. Díẹ̀díẹ̀ ni mo á máa yí i, sọ́tùn-ún, sósì, etí mi á wà lára ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan. Ó ní ibi tí sìkúrù á dé tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó ti ń dún “fúù” á dún “ṣẹ̀kẹ̀” ketekete. Mo á dúró síbẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì tó bá kàn lè nílò ibòmíràn, torí ẹ̀rọ tí wọ́n fi gbà á lè jẹ́ òmíràn, tí héèdì tirẹ̀ náà wọ́ ní tirẹ̀.

Eré téèpù náà ṣe kókó fún àwa tí èdè wa ń lo ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀. Bí bátìrì bá ti ń kú, téèpù á máa falẹ̀, ohùn gbogbo á sọ̀kalẹ̀ pọ̀, ọ̀rọ̀ á ṣì yé wa. Èyí tó burú ni kí rọ́bà inú ẹ̀rọ ti nà, kí eré náà máa yára kó tún máa falẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyáàlù tó ń sọ̀rọ̀ á wá máa fì: ibi tó ti lu ohùn àárín, etí á gbọ́ ìsàlẹ̀, oríkì tó lù á sì dàrú mọ́ni lọ́wọ́. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà yẹn kí ẹ tó gba ohunkóhun. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lọ́wọ́ àwọn tó ń tún rédíò ṣe.

Ó wá di ti kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà kò mọ ìgbì, nọ́ńbà ló mọ̀. Nítorí náà, ẹ̀rọ kékeré kan ní láti máa wọn gíga iná tó ń bọ̀ láti inú kásẹ́ẹ̀tì, kó sì máa kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà 44,100 ló ń wọ̀n ọ́n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, òṣùwọ̀n rẹ̀ sì ní ìpele 65,536. Iye yìí ni àwọn ilé iṣẹ́ Sony àti Philips fi ṣe àwo CD tó dé ọjà ní 1982. Ìdí wà tí wọ́n fi mú un: etí ọmọ ènìyàn tó dá ṣáṣá ń gbọ́ gbígbọ̀n tó tó 20,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, Harry Nyquist àti Claude Shannon sì ti fi ìṣirò hàn pé bí a bá fi ju ìlọ́po méjì gbígbọ̀n tó yára jù lọ wọn ìgbì, a lè tún un yà padà láìku ohunkóhun. Àwọn kan gbà pé nọ́ńbà ń já ohùn sí wẹ́wẹ́ ni, pé nǹkan ń jábọ́ láàárín wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín ohun tí etí lè gbọ́, kò sí èyí tó ń jábọ́. Kásẹ́ẹ̀tì gan-an ni kò dé ibẹ̀.

Ojú ihò tí ẹ gbé wáyà sí ni ẹ ṣọ́ra fún. Ihò máìkì ara ọ̀pọ̀ lápútọ́ọ̀pù ni wọ́n ṣe fún ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ẹnu, ó sì sábà máa ń da ọ̀tún àti òsì pọ̀ sójú kan. Bí ohùn kásẹ́ẹ̀tì bá gbabẹ̀, á kún àkúnya. Sáọ̀ndù kádì kékeré tí a ń kì sí ojú USB, tó ní ihò tirẹ̀ fún irú iná yìí, sàn jù ú lọ fíìfíì. Mo sì máa ń yọ ṣájà lápútọ́ọ̀pù, kó máa lo bátìrì, kí ìró “hùn-ùn” tí iná ilé ń gbé wọlé má bàa dà pọ̀ mọ́ orin.

Ètò tí mò ń lò ni Audacity. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń fi ìgbì náà hàn lójú kọ̀ǹpútà bó ṣe ń wọlé. Ẹ fa ojú rẹ̀ sún mọ́ títí ẹ ó fi rí ìlù kan ṣoṣo. Ibi tí kọ̀ǹgọ́ ti ba awọ á ga sókè lójijì bí òkè gẹ̀rẹ́gẹ́rẹ́, á wá máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí onílù bá fún ọsán mọ́ abíyá bí ó ti ń lù, ẹ óò rí i tí àwọn ìgbì náà ń sún mọ́ ara wọn, tí àlàfo àárín wọn ń dín kù, nígbà tí ohùn ń gun òkè. Bó bá tú ọsán sílẹ̀, wọ́n á tún jìnnà síra. Ohùn mẹ́ta èdè Yorùbá wà lójú ẹni níbẹ̀ ní kedere, mo sì ti fi han onílù kan tó ní kí n má tíì pa á dé.

Bí orí ìgbì bá tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni fi àdá bẹ́ ẹ, a jẹ́ pé ohùn tó wọlé ti ga ju òṣùwọ̀n lọ. Kọ̀ǹpútà kò ní nọ́ńbà tó kọjá èyí tó ga jù, ńṣe ló ń kọ nọ́ńbà kan náà títí. Ohun tó gé ti lọ. Ẹ dín ohùn kù, ẹ dá téèpù padà, kí ẹ tún un gbà.

Wákàtí kan orin báyìí máa ń gba nǹkan bíi 635 mẹ́gábáìtì tó bá jẹ́ fáìlì WAV, èyí tí a kò fún pọ̀ rárá. Títóbi yìí ló bí MP3, ọ̀nà tí a ń gbà sọ fáìlì ohùn di kékeré. Karlheinz Brandenburg àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí Fraunhofer ní Erlangen, ní Jámánì, wà lára àwọn tó ṣe é, ní oṣù Keje ọdún 1995 ni wọ́n sì mú .mp3 gẹ́gẹ́ bí ìparí orúkọ fáìlì náà. “Tom's Diner” tí Suzanne Vega dá kọ láìsí ohun èlò kankan wà lára ohun tí wọ́n fi dán an wò léraléra, torí ohùn tó dá wà ní gbangba kò bo àṣìṣe kankan mọ́lẹ̀.

Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ni pé ohùn ńlá máa ń bo kékeré. Níbi ìyáàlù ti ń dún, etí kò lè gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. MP3 á wá ohun tí etí kò ní gbọ́ yẹn, á fi nọ́ńbà tí kò péye tó kọ ọ́, tàbí kó yọ ọ́ dànù pátápátá. Wákàtí kan tó gba 635 mẹ́gábáìtì á di nǹkan bíi 58 tí ẹ bá yan kílóbíìtì 128 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n ìlù wa ń fún un ní iṣẹ́. Ègé kéékèèké ni MP3 ń ṣiṣẹ́ lé lórí, nọ́ńbà 1,152 nínú ègé kan, èyí tó tó ìdá 26 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Bí ìlù bá dún ní àárín ègé, àìpéye yẹn á fọ́n ká gbogbo ègé náà, títí kan ibi tó dákẹ́ ṣáájú ìlù. Ẹ óò gbọ́ ìró bíi “fẹ́ẹ́” díẹ̀ kí “gbà” tó dún. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó ń dún lemọ́lemọ́ á sì máa ṣe bí omi tó ń ṣàn. Kílóbíìtì 256 tàbí 320 ni mo gbà yín nímọ̀ràn, fún fóònù nìkan. Ẹ tọ́jú ojúlówó rẹ̀ ní WAV tàbí FLAC. FLAC ń fún fáìlì pọ̀ láìyọ nọ́ńbà kankan kúrò.

Èyí tó ń dùn mí ni kí wọ́n gbé fóònù sétí súpíkà, kí wọ́n sì fi ohùn náà ránṣẹ́ sí ẹbí bí ọ̀rọ̀ ẹnu lórí WhatsApp. Ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n ṣe apá yẹn fún, gbogbo ìró òkè ló ń gé dànù, ẹ̀dà yẹn ló sì máa ń tàn ká. Ẹ fi fáìlì gan-an ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé. Ẹ má sì sáré fi ètò tó ń yọ ariwo kúrò fọ̀ ọ́. Ibi tí ìró “ṣìì” téèpù wà ni ṣaworo náà wà, bí ẹ bá fọ ọ̀kan, ẹ óò fọ èkejì. Èmi máa ń fi “ṣìì” sílẹ̀ ni.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ má ju kásẹ́ẹ̀tì nù. Ẹ̀rọ tó dára ju tiyín lọ lè tún kà á lọ́la. Ẹ yí i dé ìparí ojú kan kó má bàa wà ní àárín, ẹ tò ó ní òró nínú páálí rẹ̀, ní ibi gbígbẹ tí oòrùn kò dé, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí súpíkà, torí òòfà ńlá wà nídìí gbogbo súpíkà.